Láti Orí Àrokò Dé Orí Fóònù: Ọwọ́ Ta Ni Ó Yẹ Kí Kọ́kọ́rọ́ Wa Wà?

Kò sí ọjà kan ní ilẹ̀ Rẹ́mọ lónìí, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, láti Ìsarà dé Òde Rẹ́mọ, tí fóònù kò tíì di àpò owó. Ìyá tí ń ta obì ń gba owó sínú àsùnwọ̀n báńkì rẹ̀ lórí ìjókòó. Awakọ̀ tí ó gbé èrò láti oríta Ṣágámù ń wo ojú fóònù kí ó tó gbà pé owó ti wọlé. Nínú fóònù kan náà ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN wà pẹ̀lú ti báńkì tí a ń pè ní BVN, àwòrán àwọn ẹbí, àti fọ́tò ìwé ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ibi wọ̀nyí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá: kí ni ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ? Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ni a ń pè é nínú ìwé. Páásíwọ́ọ̀dù ni ó ń jẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti pọ̀ ju ohun tí orí ẹnì kan lè gbà lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń lo ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀kùn, tí àwọn mìíràn fi ń kọ wọ́n sínú ìwé pélébé, tí àwọn mìíràn sì fi gbogbo rẹ̀ lé iléeṣẹ́ kan lọ́wọ́ ní ìlú tí wọn kò dé rí. Ọ̀nà kẹrin tún wà, èyí tí a kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀: kí ènìyàn ní àpótí tirẹ̀, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tì í, kí àpótí náà sì wà ní ìkáwọ́ òun fúnra rẹ̀. Kí a tó lè mọ èyí tí ó yẹ wá nínú wọn, ó dára kí a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ibi tí ó dé yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe tí a ń ṣe lónìí ni àwọn tí ó ṣáájú wa ti ṣe rí.

Àṣírí kì í ṣe àjèjì sí wa

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, kí ìwé kíkọ pàápàá tó dé, àwọn baba wa ti mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tí ẹni tí ó gbé e kò ní mọ ohun tí ó gbé. Àrokò ni. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a so pọ̀, nítorí ìró ẹ̀fà, ń sọ pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó ń ránṣẹ́ sí. Bí ẹni náà bá fi mẹ́jọ dá a padà, ó ń sọ pé èrò àwọn méjèèjì jọ. Bí ẹyọ owó méjì bá kọjú sí ara wọn, ìpàdé ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà tàbí ìyapa ni.

Àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ rí i ṣe kàyéfì. Ní ọdún 1885, ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ́nù gbé àlàyé Gollmer, òjíṣẹ́ Ìjọ Àǹgílíkà, jáde lórí rẹ̀. Ní ọdún 1887, G. W. Bloxam tún fi àrokò tí ó ti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wá han ẹgbẹ́ kan náà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ tí Awùjalẹ̀ rán sí ọmọ ẹbí rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn odi. Àwa ará Rẹ́mọ, tí a jọ ń ṣe ìṣe kan náà pẹ̀lú àwọn ará Ìjẹ̀bú, kò ní láti lọ sí Lọ́ńdọ́nù kí a tó mọ̀ pé ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe lónìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí. Bí ẹnikẹ́ni bá já àpò náà gbà lọ́nà, ẹyọ owó lásán ni yóò bá níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa mọ̀ pé àrokò nìkan kò tó. Ohun tí ó bá ti di mímọ̀ fún gbogbo ayé kì í ṣe àṣírí mọ́, ẹnikẹ́ni sì lè so ẹyọ owó mẹ́fà pọ̀ kí ó ní ọba ni ó rán òun. Ìdí nìyí tí ìránṣẹ́ ààfin fi máa ń mú ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́, tí ẹni tí ìlédì Òṣùgbó bá rán níṣẹ́ pàtàkì sì fi máa ń gbé edan dání. Ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ ẹ̀rí kìn-ín-ní. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ jẹ́ ẹ̀rí kejì. Bí ọ̀kan bá ṣe é jí, méjèèjì ṣòro láti jí pọ̀. Nígbà tí báńkì bá ní kí a tẹ nọ́ńbà àṣírí, tí ó sì tún fi nọ́ńbà mìíràn ránṣẹ́ sí fóònù wa, edan ni ó ń béèrè.

Ìjàpá mọ orin Ajá

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ àlọ́ ní kékeré yóò rántí ìgbà tí ìyàn mú, tí àwọn ẹranko sì pinnu láti pa ìyá wọn jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ajá fi ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí òkè ọ̀run. Bí ebi bá ń pa á, yóò kọ orin kan tí òun àti ìyá rẹ̀ nìkan mọ̀. Okùn yóò sọ̀ kalẹ̀, Ajá yóò gùn ún lọ, yóò jẹun yó. Ìjàpá ṣọ́ ọ, ó gbọ́ orin náà, ó lọ dúró ní ibi tí Ajá máa ń dúró sí, ó sì kọ ọ́. Okùn sọ̀ kalẹ̀ fún un.

Àbùkù tí ó wà lára gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di òní, ni àlọ́ yìí sọ fún wa. Ìyá Ajá kò rí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀; orin nìkan ni ó gbọ́. Ẹ̀rọ báńkì náà kò mọ ìyá ẹlẹ́ran yàtọ̀ sí olè. Ẹni tí ó bá kọ orin náà bó ṣe yẹ ni ó ń sọ okùn sí. Bíbélì náà sọ irú ìtàn yìí nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, níbi tí àwọn ará Gílíádì ti fi ọ̀rọ̀ Ṣíbólẹ́tì dá àwọn ará Éfúráímù mọ̀ ní ìwọdò Jọ́dánì. Ẹni tí kò lè pè é dáadáa kú. Nínú ìtàn méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dúró láàrin ìyè àti ikú, láàrin ebi àti àyó.

Ọdún 1961: kọ̀ǹpútà kọ́ láti bi ni léèrè

Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé orí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àfihàn ètò kan tí ó ń jẹ́ CTSS, èyí tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ máa lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lásìkò kan náà. Nítorí pé ẹ̀rọ kan ni gbogbo wọn ń lò, wọ́n ní láti wá ọ̀nà tí iṣẹ́ ẹnì kan kò fi ní di ti ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ ni wọ́n mú: kí olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìṣòro fi dé. Ní ọdún 1962, Allan Scherr, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, rí i pé wákàtí tí wọ́n fún òun lórí ẹ̀rọ náà kò tó òun. Ó ní kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì tí gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wà nínú rẹ̀ sórí ìwé fún òun, ó sì ń lo àkókò àwọn ẹlòmíràn; òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1966, àṣìṣe kan mú kí fáìlì náà gba ipò ìkíni ojoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé fi ń rí ọ̀rọ̀ àṣírí gbogbo ènìyàn lójú ẹ̀rọ. Olè kọ́ ni ó ṣe èyí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹnu tí ògiri yìí là ni pé gbogbo àṣírí wà ní ojú kan, ní ìhòòhò, ní ìkáwọ́ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ.

Iṣu, iyán, àti olè tí ó ní sùúrù

Àtúnṣe tí àwọn onímọ̀ ṣe sí èyí dára púpọ̀. Ní ọdún 1979, Robert Morris àti Ken Thompson, tí wọ́n wà lára àwọn tí ó ṣe ètò Unix, kọ àlàyé lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè dá ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé mọ̀ láìtọ́jú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ pamọ́. Ẹ fi í wé iyán. Bí a bá gún iṣu, kò sí ẹni tí ó lè dá iyán padà sí odidi iṣu mọ́. Iyán ni ẹ̀rọ ń tọ́jú. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ wa dé, ẹ̀rọ yóò gún un, yóò fi iyán tuntun wé iyán tí ó wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá dọ́gba, ilẹ̀kùn yóò ṣí.

Ṣùgbọ́n olè tí ó bá jí iyán gbé lè lọ sí ọjà, kí ó máa ra iṣu kọ̀ọ̀kan, kí ó máa gún un, títí yóò fi rí èyí tí ó bá èyí tí ó jí mu. Bí iṣu wa bá jẹ́ irú èyí tí gbogbo ayé ń rà, kò ní pẹ́ rí i. Morris àti Thompson yẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé 3,289 wò. 2,831 nínú wọn, ìyẹn 86 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ó kúrú jù tàbí tí ó rọrùn láti mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, àwọn olè wọ iléeṣẹ́ RockYou ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kó ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí ó ju mílíọ̀nù 32 lọ. Iléeṣẹ́ náà kò gún ìkankan nínú wọn. Odidi iṣu ni wọ́n tò sílẹ̀. Nígbà tí a sì yẹ̀ wọ́n wò, èyí tí ó gba ipò kìn-ín-ní ni 123456.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi àwọn òyìnbó ṣẹ̀sín. Ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, orúkọ iléeṣẹ́ àti ọdún tí a wà ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo yàrá ìròyìn fi ń ṣí kọ̀ǹpútà. Wọ́n kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá wá polówó ọjà lè kà á láti ibi tí ó dúró sí. Nọ́ńbà àṣírí oní-dígíìtì mẹ́rin tí a ń lò ní báńkì ní ọ̀nà 10,000 tí ó lè gbà wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọdún ìbí rẹ̀ ṣe é ti dín in kù sí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún. Ará ilé rẹ̀ kò tilẹ̀ ní láti gbìyànjú tó bẹ́ẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Àpótí dé: kólọ tàbí alájọ?

Nígbà tí ó hàn gbangba pé orí ènìyàn kò lè rántí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó le, àwọn kan rò pé kí a kúkú kó gbogbo wọn sínú àpótí kan, kí ó wá ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti rántí. Bruce Schneier, onímọ̀ nípa àṣírí orí ẹ̀rọ, gbé Password Safe jáde ní ọdún 1997. Ní ọdún 2003, Dominik Reichl ní ilẹ̀ Jámánì gbé KeePass jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú àwọn méjèèjì, àpótí náà jẹ́ fáìlì kan tí ó wà lórí ẹ̀rọ ẹni tí ó ni ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò dé: 1Password ní ọdún 2006, LastPass ní ọdún 2008. LastPass kó àpótí àwọn oníbàárà rẹ̀ sí ilé ìṣúra tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ènìyàn lè rí i láti ibikíbi. Ní ọdún 2016, Bitwarden dé. Ó gba ọ̀nà méjèèjì, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbé e sórí ẹ̀rọ tirẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀nà méjì yìí kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀. Àwọn ìyá wa mọ kólọ, wọ́n sì mọ alájọ. Owó inú kólọ wà nínú yàrá ẹni. Bí a bá fọ́ ọ, àwa ni a fọ́ ọ, bí iná bá jó ilé, àwa ni a pàdánù. Alájọ ń wá sí ẹnu ọ̀nà lójoojúmọ́, ó ń sàmì sórí káàdì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rọrùn títí di ọjọ́ tí a óò jí tí a kò ní rí i mọ́. Ọ̀pọ̀ alájọ jẹ́ olóòótọ́. Ewu rẹ̀ ni pé owó gbogbo ọjà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú gbogbo olè sì wà lára rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí LastPass ní ọdún 2022 nìyí. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn olè kọ́kọ́ wọlé, wọ́n sì kó àwọn àkọsílẹ̀ iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ lépa òṣìṣẹ́ kan dé orí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, iléeṣẹ́ náà sọ fún gbogbo ayé pé wọ́n ti kó ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé inú wọn wà ní títì, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àwọn ojú òpó tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń lò wà ní gbangba. Olè lè mọ ẹni tí ó ní àsùnwọ̀n ní báńkì wo. Àpótí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ líle tì ṣì wà láìṣí. Èyí tí wọ́n fi orúkọ ọmọ tì, olè ní gbogbo àkókò ayé láti máa gún iṣu rẹ̀ wò, kò sì sí ẹni tí yóò lé e.

Òótọ́ kan tún wà tí ó ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní ọdún 1883, Auguste Kerckhoffs kọ̀wé ní ilẹ̀ Faransé nípa àṣírí àwọn ológun. Ó ní ètò tí a fi ń pa àṣírí mọ́ kò gbọdọ̀ di aláìwúlò bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá; kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó yẹ kí a fi pamọ́. Alágbẹ̀dẹ tí ó bá sọ pé àgádágodo òun dára, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo inú rẹ̀, ìgbàgbọ́ ni ó ń béèrè lọ́wọ́ wa, kì í ṣe ẹ̀rí. KeePass àti Bitwarden jẹ́ àgádágodo tí wọ́n ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ó ṣe kàn wá ní Nàìjíríà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2014, Báńkì Àpapọ̀ dá ètò BVN sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí a so NIN mọ́ gbogbo síìmù. Láàrin ogún ọdún, a ti so ìdánimọ̀, owó àti ohùn ẹni pọ̀ mọ́ ike kékeré kan tí ó wà nínú fóònù. Ìdí nìyí tí olè fóònù ìsinsìnyí kì í fi í wá owó fóònù nìkan. Síìmù inú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń yọ.

Ní ọdún 2024, àwọn oníròyìn àti ẹgbẹ́ Paradigm Initiative tú u fó pé àwọn ojú òpó kan ń ta àkọsílẹ̀ NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọgọ́rùn-ún náírà péré. Ọdún kan ṣáájú, ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tí ó dáàbò bo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ọjọ́ ìbí, orúkọ ìyá àti nọ́ńbà fóònù kì í ṣe àṣírí mọ́. Ẹni tí ó bá ń fi wọ́n ṣe ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ń fi ohun tí ó wà lórí àtẹ ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kọ́ kejì dé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gba abẹ́ òkun kọjá gé ní itòsí Abidjan. Iṣẹ́ àwọn báńkì dúró, ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì lò dáadáa. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí àpótí rẹ̀ wà ní òkè òkun nìkan lè dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Fáìlì tí ó wà lórí fóònù ẹni kò nílò dátà kí ó tó ṣí.

Bí a ṣe lè yàn

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yan àpótí tí yóò wà ní ìkáwọ́ ara rẹ̀, ìtàn tí a ti sọ bọ̀ yìí ti fi àmì tí yóò wò hàn án. Kí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kí ó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a lè kó ohun inú rẹ̀ jáde lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ kó lọ sí ibòmíràn. Kí ó sì jẹ́ pé àwa nìkan ni a mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣí i. KeePassXC fún kọ̀ǹpútà àti KeePassDX fún fóònù Android pé gbogbo àmì wọ̀nyí, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Bitwarden tí ènìyàn gbé sórí ẹ̀rọ tirẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń fẹ́ iná tí kì í lọ àti ẹni tí yóò máa bójú tó o. Fún ọ̀pọ̀ ilé ní Rẹ́mọ, fáìlì kan lórí fóònù ni ó bọ́gbọ́n mu jù. Ibi tí a ti gbà á náà ṣe pàtàkì: ní ọdún 2023, àwọn olè san owó ìpolówó lórí Google láti darí àwọn ènìyàn sí ojú òpó KeePass ayédèrú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọ̀rọ̀ tí yóò ṣí àpótí náà ni ọba gbogbo rẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ọgbọ́n orí yàn án, nítorí pé ọgbọ́n orí wa jọra ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ wo babaláwo. Kì í fúnra rẹ̀ yan odù. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni ó ń dà, ìgbà kan ṣoṣo tí ó bá dà á, ọ̀kan nínú odù 256 ni yóò jáde. Bí ó bá dà á lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀nà tí ó lè gbà wá ti di 65,536. Lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ti ju bílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Ní ọdún 1995, Arnold Reinhold lo irú ìṣirò yìí. Ó to ọ̀rọ̀ 7,776 sílẹ̀, ó ní kí ènìyàn ju dáìsì lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ó tó mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ mẹ́fà báyìí, dígíìtì 24 ni a óò fi kọ iye ọ̀nà tí olè ní láti gbìyànjú.

A lè ṣe é ní Yorùbá. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ 216 sílẹ̀, irú bí ìkòkò, àdán, òjò, ṣíbí. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti 111 dé 666, kí ó má sí òdo tàbí dígíìtì tí ó ju mẹ́fà lọ nínú rẹ̀. Ẹ ju dáìsì lúdò lẹ́ẹ̀mẹta fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú mẹ́jọ. Èyí tí ó bá jáde ni kí ẹ gbà, bí kò tilẹ̀ ní ìtumọ̀. Ẹ kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, ẹ máa pè é bí oríkì títí yóò fi mọ́ yín lẹ́nu, ẹ má sì ṣe lò ó níbòmíràn. Àjọ NIST ti Amẹ́ríkà, tí ó ti fìgbà kan sọ pé kí a máa da àmì oríṣiríṣi pọ̀, ti yí ohùn padà ní ọdún 2017: gígùn ọ̀rọ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù, kò sì sí ìdí láti máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù àyàfi bí a bá fura pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ olè.

Ẹrù tí ó wà lórí ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́

N kò ní fi òtítọ́ pamọ́: ẹni tí ó bá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti gba ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá gbàgbé ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣí àpótí, kò sí iléeṣẹ́ tí a lè pè. Bí fóònù bá bọ́ sínú omi tí fáìlì sì wà níbẹ̀ nìkan, ó parí. Nítorí náà, ẹ̀dà fáìlì náà kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta: ọ̀kan lórí fóònù, ọ̀kan lórí fláàṣì nínú ilé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹbí tí ó wà ní ìlú mìíràn. Nítorí pé ó wà ní títì, ẹni tí ó bá ń tọ́jú rẹ̀ kò lè kà á, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbé àrokò kò ṣe lè kà á. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun kò ní lè ṣe ìtọ́jú yìí, ó sàn kí ó fi àpótí rẹ̀ sí ọwọ́ iléeṣẹ́ tí ó ní orúkọ rere ju kí ó máa lo ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo ilẹ̀kùn lọ. Alájọ tí ó dára sàn ju owó tí a tẹ́ sórí ẹní.

Ohun tí ó wúwo jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ikú. Láyé àtijọ́, bí baálé ilé bá kú, ilé rẹ̀, oko rẹ̀ àti àpótí aṣọ rẹ̀ wà ní ojú ẹbí. Lónìí, ọkùnrin kan lè kú ní Ṣágámù kí ìyàwó rẹ̀ má mọ báńkì tí ó ń lò, kí àwòrán ọmọ wọn wà nínú fóònù tí kò ní ṣí mọ́ láé, kí àkọsílẹ̀ àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè sì bá a wọ sàréè. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta, òwe ni. Ṣùgbọ́n ogún tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì pa kò ní ọmọ ọ̀lẹ ní ẹ̀bi nínú. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́jọ yẹn sórí bébà, ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ó wà lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò tàbí ẹni kan tí ẹ fọkàn tán. Kí ẹ̀dà fáìlì sì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀, ẹnì kejì ní àpótí. Ọ̀kan kò lè dá ṣí i láìsí èkejì. Àwọn àgbà ìlédì yóò mọ ọgbọ́n yìí bí wọ́n bá rí i.

Ní ọdún 1872, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí àwọn ìlú kéékèèké sùn, ìlú mẹ́tàlá kó ara wọn jọ sí ojú kan láti dá Ṣágámù sílẹ̀. Wọ́n gbà láti jọ gbé, kí wọ́n lè jọ dojú kọ ogun. Síbẹ̀, Mákùn kò di Òfin. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì di oyè rẹ̀ mú. Wọ́n mọ ohun tí a lè jọ ṣe, wọ́n sì mọ ohun tí a kì í fi fún ẹlòmíràn. Báńkì, iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì àti ìjọba ni a óò jọ máa gbé nínú ayé tuntun yìí, kò sí bí a ṣe lè yà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ni kò yẹ kí a kó fún wọn. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ wá dáìsì lúdò kan nínú ilé, kí ẹ jókòó ti bébà àti bírò.